Omi Ni, Kì í Ṣe Ọ̀rá: Ìdí Tí Ìwọ̀n Fi Ń Gòkè Lẹ́yìn Eré Ìdárayá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rètí nù níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó dín sísanra kù. Ó gbọ́ràn. Ó dín iyán alẹ́ kù, ó jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń jí ní ìdájí, tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí pápá ìṣeré, tó ń gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ lọ sókè, tó ń sọ̀ ọ́ padà. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gorí ìwọ̀n. Kí ló rí? Ó ti fi kìlò kan lé! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ebi rèé, òógùn rèé, ẹsẹ̀ ríro rèé, ìwọ̀n wá gòkè dípò kó wálẹ̀.

Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Á ní, "Bí wọ́n ṣe ń sanra nílé wa nìyẹn, kí n má pa ara mi." Bàtà á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iyán alẹ́ á padà sórí tábìlì, ó parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí láàárọ̀ yìí. Kìlò kan tó rí yẹn kì í ṣe ọ̀rá. Omi ni. Mo tún un sọ: omi ni, kì í ṣe ọ̀rá.

Báwo ló ṣe dá mi lójú? Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò ó. Kí èèyàn tó lè fi ọ̀rá kìlò kan ṣoṣo kún ara, oúnjẹ tó máa jẹ lé orí èyí tí ara rẹ̀ ń lò gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Obìnrin tó ń jókòó ti ọjà, tó ń dìde, tó ń rìn, nǹkan bí 2,000 ló ń lò lójúmọ́. Ìyẹn ni pé ó ní láti jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì fún bí ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ṣé ẹni tó ń dín oúnjẹ kù lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kì í yára wá tó ìyẹn. Àwọn kan á ní iṣan ló ń dàgbà. Iṣan ń dàgbà lóòótọ́, àmọ́ kì í fi kìlò kan dàgbà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Omi ló ń yára wá, omi náà ló sì ń yára lọ.

Níbo wá ni omi yìí ti ń wá? Ibi tó ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń dunni.

Ẹni tó bá ti lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹ bá ń gun òkè yẹn, èémí ni ẹ ó máa wá. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí o. Sísọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ló máa fìyà jẹ itan yín. Kí nìdí? Torí bí ẹsẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan iwájú itan ń nà, bẹ́ẹ̀ ló tún ń gbé gbogbo ara dúró kó má bàa ṣubú. Ó ń nà, ó sì ń dì mú, lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀ ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tín inú iṣan ti máa ń ya díẹ̀díẹ̀. Ojú lásán kò lè rí yíya náà, kì í sì í ṣe ohun tó ń bani lẹ́rù. Ara mọ bó ṣe máa tún un ṣe, á sì tún un ṣe kó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ẹ délé, ẹ jẹun, ẹ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fẹ́ jókòó, ẹ ń wá ògiri tí ẹ ó dì mú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fẹ́ wọkọ̀ ní Ọláìyá ní Òṣogbo, ọwọ́ lẹ fi ń gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Àárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta yẹn ni ìrora ọ̀hún sábà máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀.

Kí ló ń lọ nínú itan lásìkò yẹn? Ara ti mọ̀ pé nǹkan ya. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà níbẹ̀ á la ẹnu, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa rọra jò sáàrin àwọn fọ́nrán náà. Inú omi yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàtúnṣe ń gbà dé ibi iṣẹ́. Wọ́n á kó èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á sì jẹ́ kí tuntun rọ́nà hù. Omi náà ló ń mú kí itan le gbagidi tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tó sì ń wú díẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé omi ní ìwọ̀n: omi lítà kan, kìlò kan ni. Ẹsẹ̀ ríro àti ìwọ̀n tó gòkè, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, kí ẹ má fi èkejì bínú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí eré ìdárayá kò tíì mọ́ lára ló ń rí i jù. Ẹ rántí ìrìn tí ìjọba máa ń pe ará ìlú sí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàrin 2010 sí 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní Walk to Live. Ohun tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ló ń rìn, tó tún jókòó títí di ìgbà mìíràn, gbogbo ìgbà tó bá jáde ni ara máa ń ro ó bí ẹni pé kò rìn rí. Ẹni tó ń rìn lọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara rẹ̀ á ti mọ iṣẹ́ náà. Yíya á dín kù, ríro á dín kù, omi àtúnṣe náà á sì dín kù.

Ọ̀nà kejì tí omi ń gbà wọlé ni ṣúgà ìpamọ́. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, dòdò tí à ń jẹ, ara máa ń tọ́jú apá kan lára ṣúgà inú wọn sí ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan. Glycogen ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ déédéé máa ń tọ́jú rẹ̀ púpọ̀ ju iṣan tó jókòó sójú kan lọ. Ṣùgbọ́n ṣúgà yìí kì í dá gbé. Ẹ wo gaàrì tí ẹ bu sínú ife: ẹ da omi lé e, kí ẹ tó wá ṣíbí, gaàrì ti fa omi náà mu, ó ti wú dé ẹnu ife. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣúgà yìí ń ṣe. Gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mú mọ́ra.

Èyí náà ló tú àṣírí àwọn tó ń pariwo pé, "Mo fi iyán àti ẹ̀bà sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré, kìlò mẹ́ta ti lọ!" Mo bá wọn yọ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó lọ yẹn, omi ni. Ṣúgà ìpamọ́ ló tán, omi rẹ̀ sì bá a lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ jẹ iyán níbi ìnáwó, kìlò kan á padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní iyán ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Iyán kò ba nǹkan kan jẹ́. Omi tó lọ ló padà.

Ẹ̀jẹ̀ náà tún ń kó tirẹ̀ jọ. Ẹni tó ń làágùn lójoojúmọ́ nínú oòrùn wa yìí, láàrin ọjọ́ mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ á máa fi omi kún ẹ̀jẹ̀, kí òógùn lè rí ibi tí yóò ti máa jáde, kí ọkàn sì lè rí ẹ̀jẹ̀ tó tó tà kiri ara. Ohun rere nìyẹn, kò gba àlàyé púpọ̀.

Ó kù àwọn ohun tí àwa fúnra wa ń fi kún un láìmọ̀. Àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, Maggi inú ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ibi tí iyọ̀ bá wà, omi á dúró tì í. Èkejì ni oògùn ara ríro. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bí itan bá ti ń ro wọ́n báyìí, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n ti gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì. Àwọn oògùn yìí máa ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú sínú ara. Ìwọ̀n tó ti gòkè tẹ́lẹ̀ á tún gòkè sí i! Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, ẹ rọra rìn díẹ̀, ẹ sùn dáadáa, ìrora náà á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin náà mọ̀ pé bí nǹkan oṣù bá ti ń sún mọ́lé, ara máa ń di omi mú. Bí ó bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, ẹ gbà pé ohun tí ìwọ̀n bá sọ lọ́sẹ̀ yẹn kò ní dùn mọ́ yín nínú.

Báwo la ṣe máa wá mọ̀ pé ọ̀rá ń lọ, nígbà tí omi ń bò ó mọ́ wa lójú? Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí, pàápàá tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá wà nítòsí. Bí a ṣe ń ka ìwọ̀n ara kó má bàa tàn wá jẹ, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí wà lára ibi tí gbogbo ayé ti kọ́ ọ.

Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Ìléṣà. Ó wà níbẹ̀ títí di 1961. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn wọ́n lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi àmì kan sórí káàdì fún oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fa ìlà láti àmì dé àmì. Ìyá ọmọ ló ń mú káàdì náà lọ sílé, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló sì ń gbé e padà wá. Ìyá tí kò kàwé rárá lè wo ìlà yẹn kó mọ̀ bóyá ó ń gòkè, bóyá ó dúró sójú kan, tàbí ó ń wálẹ̀. Road to Health ni wọ́n sọ káàdì yìí, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, káàdì tí wọ́n ń fún yín níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, ẹ wo ibi tí ìlà wà lórí rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

Kí ni káàdì yẹn ń kọ́ wa? Àmì kan ṣoṣo kò lè ṣàlàyé ọmọ. Ìlà ni kí ẹ wò.

Àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé tún mọ ohun kan tó wọ inú ọ̀rọ̀ tiwa yìí dáadáa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ọmọ tí kwashiorkor ń ṣe. Ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, àlejò tó bá rí i lè ní ọmọ náà sanra. Omi ni. Lábẹ́ omi yẹn, ọmọ ti rù kan eegun. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń yá, ìwọ̀n rẹ̀ á kọ́kọ́ wálẹ̀, torí omi ń fi ara sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: ìwọ̀n ọmọ yẹn ń wálẹ̀, àlàáfíà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìwọ̀n obìnrin aláṣọ wa ń gòkè, ọ̀rá ara rẹ̀ sì ń dín kù. Nínú àwọn méjèèjì, omi ló bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Torí náà, ẹ ṣe káàdì tiyín. Ìwé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà tó. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tán, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa gùn, kó wà lórí sìmẹ́ǹtì, kó má wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má gun ìwọ̀n láàárọ̀, kí ẹ tún gùn ún lọ́sàn-án, kí ẹ tún gùn ún lálẹ́. Omi á kàn máa dààmú yín ni. Ẹ fún ara ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kí ẹ tó wo ibi tí ìlà dorí kọ. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, kó fi ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí wé ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹ tún wá téèpù télọ̀, kí ẹ fi wọn ìbàdí níbi ìdodo, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Obìnrin tó bá ń so ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kò tiẹ̀ nílò téèpù. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tó há mọ́ ìbàdí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ sí bèbè ìdí, ọ̀rá ń lọ nìyẹn, ohun yòówù kí ìwọ̀n máa sọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ìkánjú máa ń mú káwọn kan lọ ra oògùn tó ń fa omi jáde lára, irú bíi Lasix, láì jẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n á tọ̀, wọ́n á tọ̀, ìwọ̀n á wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú wọn á dùn. Ọ̀rá kankan ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá omi jáde ni potassium, èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè lù ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíì ìfọnra tó jẹ́ pé ewé ìyàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀: ìgbẹ́ àti omi ló ń kó lọ. Àwọn kan á wọ kádígáànì sáré nínú oòrùn, wọn kò sì ní mumi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ máa mumi. Ẹni tí kò mumi tó, ara rẹ̀ á tún di èyí tó kù mú ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi, ìgbín sì ń dókè.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo omi tó bá dúró lára náà ló jẹ́ ti àtúnṣe? Rárá o. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Omi eré ìdárayá sábà máa ń wà níbi iṣan tó ṣiṣẹ́, á bá ìrora wá, á sì bá ìrora lọ. Èyí tó bá ń wú lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì lójoojúmọ́, tí kò lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun lókè ọrùn ẹsẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ihò àtàǹpàkò bá dúró síbẹ̀, tí kò kún padà kíákíá, ẹ lọ rí dókítà. Bákan náà ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń wú tó bá jí láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, tàbí tí kò lè mí dáadáa bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Aboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń wú kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó ń ro, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí ìtọ̀ ẹni tó ṣe eré ìdárayá àṣejù bá dúdú bíi Coca-Cola, iṣan ló fọ́ kọjá ààlà, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Òun náà kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo wò nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn yẹn lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, kì í ṣe eré ìdárayá ló fà á. Ẹ má torí ìyẹn dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín, oògùn mìíràn wà tó lè fi pààrọ̀ rẹ̀.